Àbọ̀ Ara Kì Í Ṣe Àbọ̀ Orí: Owó-Orí àti Àgbàlagbà Tí A Ń Gbọ́ Bùkátà Rẹ̀

Orí ni Yorùbá fi sọ owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú lórúkọ. A kò pè é ní owó ilé, a kò pè é ní owó oko. Owó-orí ni a pè é. Ìtàn ni ó bí orúkọ náà, nítorí pé nígbà tí ìjọba amúnisìn mú irú owó bẹ́ẹ̀ wọ ilẹ̀ wa, orí ni wọ́n ń kà: ènìyàn kan, orí kan, orí kan, iye kan. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n ka orí obìnrin lọ́tọ̀ mọ́ ti ọkùnrin, ìyẹn sì wà lára ohun tí ó fa ìjà àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣe olórí rẹ̀ ní 1947, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní 1949. Bí ẹnì kan bá ní òun ń ka orí kí òun tó gba owó, a ní ẹ̀tọ́ láti bi í léèrè pé: orí ta ni o kà, orí ta ni o sì fò dá?

Ìbéèrè yìí ni àròkọ yìí dá lé, orí ẹnì kan ṣoṣo ni a ó sì fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni náà ni àgbàlagbà aláàbọ̀ ara tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń ná lára owó iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí àìlera kò jẹ́ kí ó lè dá gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, ǹjẹ́ ó yẹ kí ìjọba ro ti ìnáwó yẹn mọ́ ọn nígbà tí ó bá ń gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀? Bí ó bá yẹ, ojú wo ni ó tọ́ kí a fi wo àgbàlagbà tí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé báyìí? Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ìṣirò ni èyí, kí a fi í sílẹ̀ fún àwọn oníṣirò. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìlú bá kà sí ni ó máa ń kọ sílẹ̀. Ohun tí kò bá kà sí, kò ní àyè nínú ìwé rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìwà ni ọ̀rọ̀ yìí kí ó tó di ọ̀rọ̀ owó.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dúró ní ojú sánmà, ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí Ládìpọ̀ ní Muṣin, ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni gbogbo ènìyàn mọ Ládìpọ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀kùn ọkọ̀, iná iwájú àti táyà ni a ń tà níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀yìn ọjà náà àti ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ilé gbé wà, tí àwọn ẹbí ń gbé nínú yàrá kan tàbí méjì. Ẹ bá mi fi ojú inú wo ọkùnrin ẹni ogójì ọdún kan tí ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ní ilé-iṣẹ́ kan ní Mátórì tí kò jìnnà síbẹ̀. Ó ní aya, ó ní ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 47, ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni ó mú ẹ̀gbọ́n yìí ní ẹsẹ̀ méjèèjì nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́. Ní oṣù Ògún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòkòrò àrùn rọpárọsẹ̀ ti àdáyébá ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n kò gbé ẹni tí àrùn náà ti dá jókòó tẹ́lẹ̀ dìde. Ẹ̀gbọ́n yìí ń tún rédíò àti fóònù ṣe ní iwájú ilé, ṣùgbọ́n owó tí ń wọlé níbẹ̀ kò ju ti oúnjẹ ọ̀sán lọ. Àbúrò ni ó ń san owó ilé, òun ni ó ń ra oògùn, òun náà ni ó ń tún kẹ̀kẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ń jókòó sí ṣe nígbà tí gọ́tà àti kòtò bá ti ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Mo fi ọkùnrin yìí ṣe àpẹẹrẹ ni. Ẹ kò ní wá ọgbà púpọ̀ kí ẹ tó rí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ èyí.

Ẹ wo bí ipò àwọn méjèèjì ti rí nínú ilé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, àbúrò a dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò jẹ́ fi orúkọ pè é lásán. "Ẹ̀gbọ́n mi" tàbí "bùọ̀dá mi" ni yóò wí. Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá dé inú ẹbí, tàbí tí a bá fẹ́ pín ilẹ̀ baba wọn, ẹ̀gbọ́n ni a ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ẹsẹ̀ tí kò lè rìn kò gba ipò àgbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àbúrò bá mú fọ́ọ̀mù owó-orí tí ó sì kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n sínú rẹ̀, nǹkan yí padà. Nínú ìwé yẹn, àbúrò ni ó ni ìwé. Ẹ̀gbọ́n di ọ̀kan nínú àwọn ẹrù tí àbúrò rù. Ẹni tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún ní àárọ̀ ni a kọ sí ìsàlẹ̀ orúkọ ẹni tí ń dọ̀bálẹ̀. Ibí yìí ni gbogbo ìṣòro ọ̀rọ̀ náà fi ara pamọ́ sí, a ó sì padà sí i láìpẹ́.

Kí ni òfin ilẹ̀ wa wí? Dìkírì 104 ti ọdún 1993, tí ó di Òfin Owó-Orí Aládàáni, tí a sì tò sínú àkójọ òfin Nàìjíríà ti 2004, fi àyè ìdẹ̀rùn sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní ẹbí. Ọmọ mẹ́rin ni ó pọ̀ jù tí òfin náà jẹ́ kí ènìyàn kà, ₦2,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó kan àwọn mọ̀lẹ́bí tímọ́tímọ́, yálà ti ẹni náà tàbí ti ọkọ tàbí aya rẹ̀, tí ogbó tàbí àìlera kò jẹ́ kí wọ́n lè bọ́ ara wọn, títí kan ìyá tí ó jẹ́ opó. Lórí irú wọn, ènìyàn lè yọ ₦2,000 kúrò nínú owó tí a ó gba owó-orí lé lórí. Ẹni méjì ni ó sì gbọ́dọ̀ kà mọ. Òfin náà kò tún gbàgbé aláàbọ̀ ara tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tí ó sì nílò ohun èlò tàbí ẹni tí yóò máa ràn án lọ́wọ́. Ó fún òun náà ní ìdẹ̀rùn tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí èyí já mọ́. Ní àwọn ọdún tí ó ṣáájú àtúnṣe ti 2011, ìdá 5 nínú 100 ni owó-orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù, ìdá 25 nínú 100 sì ni ti ipele tí ó ga jù. Ẹni tí ó yọ ₦2,000 nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jèrè ju ₦100 lọ ní ọdún kan bí ó bá wà ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá wà ní òkè, kò ju ₦500 lọ. Ẹ tún kíyè sí i pé ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ ni ó jèrè jù, ẹni tí ó nílò rẹ̀ jù ni ó jèrè kéré jù. Ọdún ń gorí ọdún, ọjà ń gbówó lórí, iye náà dúró sí ojú kan. Nígbà tí ó yá, owó ọkọ̀ tí ènìyàn yóò fi lọ béèrè fún un pọ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ.

Ní 2011, wọ́n tún òfin náà ṣe. Wọ́n gbé ìdẹ̀rùn àpapọ̀ kan kalẹ̀: ₦200,000 tàbí ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó tí ó wọlé, èyí tí ó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì, àti ìdá 20 nínú 100 owó náà lórí rẹ̀. Ìdẹ̀rùn yìí pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ènìyàn mélòó ni ó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó dá gbé àti ẹni tí ó ń gbọ́ bùkátà ènìyàn méje, bákan náà ni ó ṣe sí wọn. Ní oṣù Òkúdù 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó-orí tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026. Òfin yìí kò gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá rí ní ọdún. Ó jẹ́ kí a yọ owó ìfẹ̀yìntì, owó adójútòfò ìlera, owó àpò ilé gbígbé, èlé orí owó tí a yá kọ́ ilé tí a ń gbé, àti owó adójútòfò ẹ̀mí. Ó tún jẹ́ kí ẹni tí ó háyà ilé yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé rẹ̀, bí kò bá ti ju ₦500,000 lọ. Ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí tí ogbó tàbí àìlera dá jókòó kò sí nínú àwọn ohun tí a lè yọ. Òfin ń béèrè iye tí akọ̀wé wa san fún ilé ní Ládìpọ̀. Kò béèrè ẹni tí ó ń bá a gbé inú ilé náà.

Ọ̀rọ̀ di ti ìwà báyìí. Èrò àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni ti àwọn tí yóò sọ pé kò burú bí òfin kò bá béèrè. Wọn yóò ní ojúṣe ẹni ni ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n ẹni. Ta ni í gba owó nítorí pé ó bọ́ ọmọ ìyá rẹ̀? Wọn yóò sì pa òwe fún wa pé ẹni tí ó ṣe oore tí ó lóṣòó tì í, bí ẹni tí kò ṣe oore rárá ni. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ẹni tí ó lóṣòó ti oore ń dúró de èrè ni. Ẹni tí ó kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù kò béèrè èrè lọ́wọ́ ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ọpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé: "Ẹ ní kí n mú wá nínú ohun tí ó jẹ́ tèmi. Apá kan owó yìí kì í ṣe tèmi. Kí ó tó dé ọwọ́ mi ni bùkátà ẹ̀gbọ́n mi ti gbà á." Bí oníṣòwò bá ra ẹrù ₦10,000 tí ó tà á ní ₦12,000, kò sí ẹni tí yóò ní kí ó san owó-orí lórí ₦12,000, nítorí ₦2,000 ni èrè rẹ̀. Ta ni yóò wá sọ pé owó oògùn ẹ̀gbọ́n tí kò lè rìn jẹ́ èrè fún àbúrò? Òtítọ́ inú ìṣirò ni ìdẹ̀rùn bẹ́ẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe ẹ̀bùn.

Èrò kejì ni ti àwọn tí ń bẹ̀rù èké. Wọn yóò ní bí a bá ṣí ilẹ̀kùn yìí, àwọn kan yóò kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n tí kò sí, tàbí ti ẹ̀gbọ́n tí ó wà ní abúlé tí wọn kò fi náírà kan ránṣẹ́ sí láti ọdún mẹ́wàá. Òótọ́ ni, irú wọn kì í tán. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jí. Ó jí owó ìjọba lẹ́ẹ̀kan. Ó sì jí orúkọ aláàbọ̀ ara lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé ó fi àìlera ẹlòmíràn gba owó, kò sì fi owó náà wo àìlera. Èkejì yìí ni ó burú jù lójú mi. Síbẹ̀, a kì í tìtorí ìgbẹ́ má jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ̀rí ni a fi ń lé olè: ìwé dókítà, ìwé tí ó fi hàn ibi tí ẹni náà ń gbé, àti ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni náà fúnra rẹ̀. Èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yìí ni a kì í sábà rántí.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ iyì. Àwọn baba wa ní Ọbàtálá ni ó ń mọ ara ènìyàn, wọ́n sì ní ẹmu ni ó mu yó tí ọwọ́ rẹ̀ fi ṣì lára àwọn kan. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ Ọbàtálá kì í fi í mu ẹmu, ìdí náà sì ni a fi ń pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí a rí nínú ìtàn yìí. Àkọ́kọ́ ni pé Ọbàtálá kò sẹ́ wọn. Ó gbà pé tèmi ni wọ́n. Èkejì ni pé Ọbàtálá kọ́ ni ó ń mọ orí. Àjàlá ni amọrí, ní ilé rẹ̀ ni olúkúlùkù ti yan orí tirẹ̀ kí ó tó wá sí ayé. Ọwọ́ tí ó mọ ara yàtọ̀ sí ọwọ́ tí ó mọ orí. Nítorí náà, ohun yòówù kí ó ṣe ara, kò sọ ohunkóhun fún wa nípa orí ẹni náà. A ń pè wọ́n ní aláàbọ̀ ara. Bí ara bá tilẹ̀ jẹ́ àbọ̀, orí kì í ní àbọ̀. Odindi orí ni arọ gbé wá sí ayé, odindi orí ni afọ́jú gbé wá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka orí gbọ́dọ̀ kà á ní odindi.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ìwà àtijọ́ ni ó dára. Ilé kan wà tí a fi aláàbọ̀ ara pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn kí àlejò má baà rí i. Ọ̀nà kan wà tí a gbé e jókòó sí kí ó máa ṣagbe, kí ẹbí sì máa pín ohun tí ó rí. Bí a bá ń pa òwe pé ọmọ ẹni kì í burú títí kí a fi fún ẹkùn pa jẹ, ó jẹ́ nítorí pé àwọn kan ti ronú láti ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìlànà tí ìtàn Ọbàtálá àti Àjàlá fi lélẹ̀ tọ́, òun ni ó sì yẹ kí a fi wọn òfin ayé òde òní wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi wọn ti Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, òfin gbà kí ènìyàn ka ọmọ, àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́ àwọn tí ó ń gbọ́ bùkátà wọn, bí ó ti wù kí ẹni náà dàgbà tó, bí àìlera rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí kò ní jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ gidi, tí ó bá ń bá a gbé ju ìdajì ọdún lọ, tí kò sì jẹ́ pé ẹni náà ni ó ń pèsè ju ìdajì bùkátà ara rẹ̀ lọ. Ọ̀nà kejì wà fún mọ̀lẹ́bí tí kò bá ti àkọ́kọ́ mu, ṣùgbọ́n ní 2025, ẹni tí ó bá gba ọ̀nà yìí kò gbọdọ̀ ti rí tó dọ́là 5,200 ní ọdún. Ìdẹ̀rùn tí ó wà lórí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ dọ́là 500. Òfin náà kò gbàgbé àgbàlagbà, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun méjì. Ó ní ẹni tí a óò kà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ìlú Amẹ́ríkà tàbí ẹni tí ń gbé ibẹ̀, tàbí tí ń gbé Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Bí akọ̀wé wa bá ní àbúrò ní Houston tí ń fi owó oògùn ránṣẹ́ sí Ládìpọ̀ lóṣooṣù, òfin ibẹ̀ kò ka ẹ̀gbọ́n yẹn sí ẹnikẹ́ni. Ààlà orílẹ̀-èdè gé okùn ọmọ ìyá. Èkejì ni pé ní ọ̀nà kejì tí mo sọ yẹn, bí ẹni náà bá gbìyànjú tí ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i, owó tí ó rí lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹni tí ń tún rédíò ṣe ní iwájú ilé yóò máa bẹ̀rù pé iṣẹ́ òun yóò di ìpalára fún ẹni tí ń tọ́jú òun. Òfin tí ó bá mú kí ènìyàn bẹ̀rù iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara díwọ̀n orí.

Bìrìtìgẹ́ẹ̀sì gba ọ̀nà mìíràn. Òfin wọn náà ní ìdẹ̀rùn lórí mọ̀lẹ́bí tí ènìyàn ń gbọ́ bùkátà rẹ̀, ṣùgbọ́n ní 1988 ni wọ́n pa á rẹ́. Kí ó tó di ìgbà náà, láti 1976, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú aláìlera. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn kò san án fún obìnrin tí ó ní ọkọ, bí ẹni pé kò sí ohun tí ìtọ́jú ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin kan pe ìjọba lẹ́jọ́ títí ó fi dé ilé ẹjọ́ Yúróòpù, ní 1986 sì ni wọ́n dá a láre. Ìtàn yìí kọ́ wa ní ohun kan tí ó yẹ kí a tẹnu mọ́. Ẹni tí ń san owó-orí nìkan ni ìdẹ̀rùn owó-orí lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nínú ilé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ ní Ládìpọ̀, akọ̀wé ni ń san owó-orí. Ṣùgbọ́n ta ni ń gbé omi gbígbóná fún ẹ̀gbọ́n ní àárọ̀? Ta ni ń fọ aṣọ rẹ̀, ta ni kò lè lọ sí ọjà pẹ́ nítorí rẹ̀? Aya akọ̀wé ni. Bí ìjọba bá dá ₦500 tàbí ₦50,000 padà fún ọkọ rẹ̀, kò tíì ka iṣẹ́ obìnrin yìí sí. Opó tí ń ta ata, tí owó rẹ̀ kò tó èyí tí a ń gba owó-orí lé lórí, tí ó sì ń tọ́jú ọmọ ẹni ọgbọ̀n ọdún tí kò lè sọ̀rọ̀, kò ní jèrè ohunkóhun nínú rẹ̀.

Àwọn tí ó gbè sẹ́yìn òfin 2025 ní ọ̀rọ̀ tí wọn lè sọ, ó sì tọ́ kí a gbọ́ ọ. Wọn yóò ní ₦2,000 àtijọ́ ti di yẹ̀yẹ́. Wọn yóò ní ₦800,000 tí a kò gba owó-orí lé lórí ń ran tálákà lọ́wọ́ ju àpò kékeré mẹ́wàá lọ. Wọn yóò ní òfin tí ó rọrùn kì í fún ẹlẹ́tàn láyè. Mo gba gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò wòsàn nípa pé a pa orúkọ àrùn rẹ́. Kí a pa ìdẹ̀rùn tí kò wúlò mọ́ rẹ́, kò burú, bí a bá fi ohun tí ó sàn rọ́pò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bìrìtìgẹ́ẹ̀sì ti ní owó olùtọ́jú nílẹ̀ kí wọ́n tó pa tiwọn. Àwa kọ́kọ́ jẹ́ kí ìdẹ̀rùn náà gbẹ, lẹ́yìn náà ni a yọ ọ́ kúrò, a kò sì fi ohunkóhun dí ojú ihò. Ẹrù tí a kò kọ sílẹ̀ kò fúyẹ́ ju èyí tí a kọ sílẹ̀ lọ. Ẹni tí ó rù ú ṣáà ń rù ú.

Kì í ṣe pé ìjọba kò mọ àwọn ènìyàn yìí. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá ní 2011, ó sì dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ fún wọn, èyí tí a mọ̀ sí LASODA. Ìjọba àpapọ̀ náà ṣe tirẹ̀. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara léèwọ̀, tí ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa mójú tó ọ̀rọ̀ wọn. Àwọn òfin wọ̀nyí pe aláàbọ̀ ara ní ènìyàn tí ó ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Nígbà náà, kí ló dé tí òfin owó-orí àti òfin ẹ̀tọ́ kò mọ ara wọn? Ọ̀kan ní odindi orí ni ẹni yìí. Èkejì kò rí i rárá.

Èrò tèmi nìyí. Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí ìjọba máa san owó ìtọ́jú kan fún àgbàlagbà aláàbọ̀ ara ní orúkọ òun fúnra rẹ̀, kí ó sì ní ìpín fún ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, yálà ẹni náà ń san owó-orí tàbí kò san án. Bí èyí yóò bá pẹ́ kí ó tó ṣeé ṣe, kí a dá ìdẹ̀rùn ti mọ̀lẹ́bí padà sínú òfin owó-orí ní iye tí kì í ṣe yẹ̀yẹ́, tí yóò sì máa gòkè bí ọjà bá ṣe ń gòkè. Ìdí tí mo fi fi ti àkọ́kọ́ ṣíwájú ni pé, nínú rẹ̀, orúkọ ẹ̀gbọ́n ni yóò wà ní òkè ìwé. Òun ni yóò tẹ̀ka, òun ni yóò gba owó, òun ni yóò sì fún àbúrò ní ti oúnjẹ àti ti ilé. Nígbà náà ni ìwé ìjọba yóò bá ìkíni àárọ̀ inú ilé mu.

Ẹbí náà ní ojúṣe tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ àgbàlagbà sínú ìwé kankan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó tì í, kí ó ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ fi orúkọ náà ṣe, kí ó sì gba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Bí a kò ti jẹ́ lọ fi ilẹ̀ ẹ̀gbọ́n wa yá owó láìsọ fún un, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí a fi àìlera rẹ̀ gba ìdẹ̀rùn láìsọ fún un. Bí ohun kan bá sì ti ibẹ̀ jáde, kí ó kọ́kọ́ dé ara ẹni tí a torí rẹ̀ gbà á. Yorùbá ní a ń gbọ́ bùkátà ènìyàn. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ náà "gbọ́": etí ni a fi ń gbọ́. Ẹni tí kò bá tíì fetí sí ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ra oúnjẹ kún ilé, kò tíì gbọ́ bùkátà rẹ̀ tán.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní àṣà ìran-ara-ẹni-lọ́wọ́, àárò, ọ̀wẹ̀ àti èésú, kí a máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò parí sí oko àti ọjà àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò sílẹ̀, bí wọ́n bá bi yín léèrè ipò tí ẹbí wà láàrin Yorùbá, ẹ má ṣe dúró sórí pé a fẹ́ràn ara wa. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ohun tí ìfẹ́ náà ń ná ènìyàn, ẹni tí ń san án, àti bóyá ìlú mọ̀ pé ó ń san án. Bí ìjọba bá fẹ́ máa gba owó-orí, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ọ̀nà, ilé ìwòsàn àti ilé-ẹ̀kọ́ kò lè dá ara wọn kọ́. Ṣùgbọ́n bí orí bá ni ó ń kà, kí ó kà á pé. Ọkùnrin tí ń tún rédíò ṣe ní iwájú ilé ní Ládìpọ̀ kò lè dìde dúró kí agbowó-orí tó rí i. Agbowó-orí ni yóò bẹ̀rẹ̀, tí yóò wò ó lójú, tí yóò sì kà á mọ́ àwọn ènìyàn.